Ilẹ̀ Tèmi Ni Kó O Fi Wé Ilẹ̀ Tèmi

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n á ní mo tún ti gbé ìṣirò mi dé, wọ́n á sì yí i sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, torí náà mo kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju pé mo sọ fún àwọn ìyá mẹ́sàn-án kan pé ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí lóko, wọn ò rí i. Mi ò fẹnu sọ ọ́ báyẹn o, nọ́ńbà ni mo fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́.

Abúlé wọn ò jìnnà sí Kàbbà, ọ̀nà tó lọ sí Ìyàrà ni. Wọ́n jọ ń dá àjọ, wọ́n jọ ń gbin àgbàdo, àmọ́ kálukú ló ni ilẹ̀ tiẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọ̀kan nínú wọn tó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kí wọ́n dán ìgbẹ́ adìẹ wò, kí kálukú pín ilẹ̀ ẹ̀ sí méjì, kó da ìgbẹ́ sí ìdajì kan, kó fi ìdajì kejì sílẹ̀ bó ṣe wà, tí wọ́n bá kórè kí wọ́n wọn àgbàdo ìdajì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ láìyẹ̀. Ọmọ yẹn ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó wọn àgbàdo tán, ni wọ́n bá gbé ìwé náà wá bá mi, torí wọ́n ní èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe

Òpó méjì ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, ìdajì tó nígbẹ́ ní òpó kan, ìdajì tí kò ní ní òpó kejì. Mo wá ní kí ètò ìṣirò tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi bá mi wá confidence interval ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpíndọ́gba méjèèjì, èyí tí èmi máa ń pè ní àlàfo ìdánilójú, ìyẹn láti ibi tí ìyàtọ̀ náà lè kéré dé títí dé ibi tó lè pọ̀ dé. Ó bi mí bóyá two-sample ni mo fẹ́ (òpó méjì tí kò bára tan) àbí paired (méjì-méjì tó so pọ̀). Mo tẹ èyí tó wà lókè. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní àlàyé míì tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀, èyí tó wà lókè ni mo tẹ̀.

Àlàfo tó jáde bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òdo lọ́hùn-ún, ó gba orí òdo kọjá, ó lọ jìnnà sí òkè. Nígbà tó bá rí báyẹn, ohun tó ń wí ni pé ìgbẹ́ yìí lè ṣe àgbàdo lóore, ó lè ṣe é níbi, ó sì lè má ṣe é ní nǹkan kan, dátà tó wà ńlẹ̀ ò lè yàn láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi wá lọ bá àwọn ìyá, mo ní "kò síyàtọ̀." Ìyẹn pàápàá, àṣìṣe lọ́tọ̀ ni, torí "a ò tíì rí i" àti "kò sí" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ẹni tó ń wá ewúrẹ́ ẹ̀ tí kò rí i ò lè tìtorí ẹ̀ sọ pé òun ò ní ewúrẹ́ rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ìbéèrè Ìyá Ṣeun

Iwájú ilé Ìyá Ṣeun la ti ṣèpàdé. Wọ́n kí mi ní "òkun" bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, mo jẹ́ ẹ, wọ́n gbé àga fún mi, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́. Ìyá kan ní "ṣé wàá sọ pé gbogbo wàhálà ìgbẹ́ tá a rù yẹn?" mo ní ẹ má bínú, ohun tí nọ́ńbà sọ nìyẹn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi (ìdúpẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù), wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túká níkọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ṣeun ò dìde, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́rin ọdún, kò kàwé, àmọ́ òun ló ń pa owó àjọ wọn mọ́, kò sì tíì sí ọjọ́ tí owó sọnù. Nígbà tó ku èmi àti ẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ ta lo fi wé ilẹ̀ ta?"

Mo ní, "Màmá, gbogbo ìdajì tó nígbẹ́ la kó jọ síbì kan, gbogbo èyí tí kò ní la kó jọ síbòmíì, a wá fi ti ìhín wé tọ̀hún."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ilẹ̀ mi wà létí odò. Ti Ìyá Dáre wà lórí àpáta, àgbàdo ibẹ̀ ò ga ju orúnkún mi lọ rí látìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó wá síbí. Ìwọ wá kó tèmi àti tiẹ̀ pọ̀, o wá ní nọ́ńbà wa rí ségesège. Ṣebí ìwọ lo dà wọ́n rú. Ilẹ̀ tèmi ni kó o fi wé ilẹ̀ tèmi, kó o fi ti Ìyá Dáre wé ti Ìyá Dáre. Àbí kí la torí ẹ̀ pín in sí méjì?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo ní mo máa lọ tún un wò. Lórí ọ̀kadà tó gbé mi padà sí Kàbbà, ara mi gbóná láti ọrùn dé etí, torí kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì, mo ṣe ìdánwò ẹ̀, mo pàsì. Mo lè kọ fọ́múlà méjèèjì sára ògiri fún yín nísinsìnyí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tí fọ́múlà ti ń kan ilẹ̀, ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí ló sì fi hàn mí.

Ìka ò dọ́gba, ilẹ̀ náà ò dọ́gba

Nọ́ńbà àwọn ìyá ò sí nínú ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, tiwọn ni. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é. Ká ní ìyá mẹ́ta ni. Ti àkọ́kọ́, ìdajì tí kò nígbẹ́ fún un ní kílò 40, èyí tó nígbẹ́ fún un ní 44. Ti èkejì, 12 àti 15. Ti ẹ̀kẹta, 25 àti 29.

Ọmọdé tó bá wo ìyẹn máa rí i pé ìgbẹ́ ń fi nǹkan bíi mẹ́rin mẹ́rin kún un. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é bí mo ṣe ṣe é lákọ̀ọ́kọ́, tẹ́ ẹ kó 40, 12, 25 síbì kan, 44, 15, 29 síbòmíì, tẹ́ ẹ sì gbàgbé pé ìyá kan náà ló ni 40 àti 44, àlàfo ìdánilójú tó máa jáde ní 95% máa bẹ̀rẹ̀ láti −28.7 títí dé 36. Ẹ̀rọ ń rí 12, ó ń rí 40, ó ń bi ara ẹ̀ pé tí ilẹ̀ lásán bá lè yàtọ̀ tó báyìí, kí ni ìyàtọ̀ kílò mẹ́rin já mọ́? Òótọ́ ló sì ń sọ, lórí ohun tá a fún un.

Ẹ wá yọ ti ìyá kọ̀ọ̀kan kúrò nínú tiẹ̀ ná. 44 yọ 40 kù 4, 15 yọ 12 kù 3, 29 yọ 25 kù 4. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni 4, 3, 4, kò sí etí odò níbẹ̀ mọ́, kò sí àpáta, torí odò tó gbé 40 sókè gbé 44 náà sókè, nígbà tẹ́ ẹ sì yọ ọ̀kan nínú èkejì, odò bá a lọ. Àlàfo tuntun lọ láti 2.2 sí 5.1, òdo ò sí níbẹ̀ rárá. Nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ni o! Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ìyàtọ̀ tó wà láàárín oko sí oko ni ẹkún yẹn, ìgbẹ́ sì ni ohun tá a fẹ́ rí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ ni pé nígbà tí òpó méjì bá ń gòkè pọ̀ tí wọ́n ń sọ̀ pọ̀, bí ìyàtọ̀ wọn ṣe ń fọ́n ká máa kéré gan-an sí ti òpó kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe bára tan tó ni àlàfo ṣe máa fún tó. Tí wọn ò bá bára tan rárá, kò sí èrè kankan nínú pípa wọ́n pọ̀, kódà o máa pàdánù díẹ̀, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ọkùnrin ilé iṣẹ́ ọtí

Mo padà sílé lọ́jọ́ yẹn, mo lọ ṣí ìwé àtijọ́ kan. Ẹni tó gbé ìṣirò t kalẹ̀, èyí tá a fi ń wá irú àlàfo yìí, William Sealy Gosset, Guinness ló ń ṣiṣẹ́ fún ní Dublin. Ẹni tó bá jókòó sí bíà pálọ̀ ní Kàbbà lálẹ́ Sátidé tó ń mu ìgò dúdú yẹn ò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ yẹn ló bí ohun tó ń pa ọmọ ẹ̀ lórí ní yunifásítì. Ọdún 1908 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde, ilé iṣẹ́ ẹ̀ ò sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa fi orúkọ ara ẹ̀ tẹ nǹkan jáde, ló bá fi "Student" bojú.

Inú iṣẹ́ 1908 yẹn, ó lo dátà àwọn aláìsàn mẹ́wàá ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní Kalamazoo, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fún ní oògùn oorun méjì, ẹnì kan náà lo oògùn kìíní ó tún lo èkejì, wọ́n wá wo iye wákàtí tí oògùn kọ̀ọ̀kan fi kún oorun ẹ̀. Oògùn kìíní fi 0.75 kún un ní ìpíndọ́gba, èkejì fi 2.33. Ìyàtọ̀ jẹ́ wákàtí 1.58.

Tẹ́ ẹ bá ṣe é ní méjì-méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ara ẹ̀, àlàfo 95% lọ láti 0.70 sí 2.46. Tẹ́ ẹ bá ṣe é bíi pé ogún èèyàn tí kò bára tan ni, ó lọ láti −0.20 sí 3.36. Àárín méjèèjì, 1.58 náà ni. Ìdájọ́ ló yí padà, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tí oorun wọn ń pọ̀ sí i lórí oògùn yòówù, àwọn kan ò sì rí oorun sùn lórí èyíkéyìí. Etí odò àti orí àpáta náà ni.

Èyí tí mo sọ pé mò ń bọ̀ lórí ẹ̀ nìyí. Nígbà tá a bá pa mẹ́wàá-mẹ́wàá pọ̀ di ìyàtọ̀ mẹ́wàá, degrees of freedom wa, ìyẹn iye nọ́ńbà tó ṣì lómìnira láti yí padà, já láti 18 sí 9, nọ́ńbà tá a fi ń sọ àlàfo di púpọ̀ sì kúrò ní 2.101, ó di 2.262. Owó tá a san nìyẹn. Lórí dátà oorun, owó kékeré ni sí èrè tó wọlé. Níbi tí kò bá sí ìbátan, owó dànù ni.

Ti 95% yẹn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ wéré torí mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń ṣì í. Onímọ̀ ìṣirò kan, Jerzy Neyman, ló ṣe ìlànà yẹn bá a ṣe mọ̀ ọ́n, ó tẹ iṣẹ́ ńlá lórí ẹ̀ jáde lọ́dún 1937. Ọdẹ ni kẹ́ ẹ fi ṣe, ó mọ irú pàkúté kan rọ, tó bá dẹ irú ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló máa mú ẹran. Ọwọ́ ọdẹ ni 95% wà, kò sí lára ẹran. Èyí tó wà níwájú ẹ lónìí, ó ti mú ẹran tàbí kò mú, o ò kàn mọ̀ ni. Pàkúté tó fẹ̀ bí oko odindi á mú ẹran lóòótọ́, àmọ́ kí ló sọ fún ẹ nípa ibi tí ẹran wà?

Mo wá sáré kọjá ibi tó yẹ

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣeun, gbogbo nǹkan ni mo ń pa pọ̀ ní méjì-méjì. Àbúrò mi kan ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀, ó bi àwọn tó ń ta gàárì ní Kàbbà iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan, ó tún bi àwọn kan ní Ìsánlú, iye ẹni tó bi ní ìlú méjèèjì dọ́gba. Mo gba dátà náà lọ́wọ́ ẹ̀ tìgboyà-tìgboyà. Kí ó lè mọ́ lójú, mo to òpó Kàbbà láti kékeré sí ńlá, mo to ti Ìsánlú náà bẹ́ẹ̀, mo wá tẹ paired. Àlàfo tó jáde fún bí okùn. Inú mi dùn.

Àbúrò mi ló ní, "Bọ̀dá, kí ló so ìyá tó wà ní ìlà kìíní ní Kàbbà pọ̀ mọ́ èyí tó wà ní ìlà kìíní ní Ìsánlú?"

Kò sí nǹkan kan. Wọn ò mọra wọn, wọn ò jọ ra gàárì níbì kan náà. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀ nígbà tí mo to ẹni tó ń tà pọ́ọ́kú kojú ẹni tó ń tà pọ́ọ́kú, ẹni tó gbówó lórí kojú ẹni tó gbówó lórí. Ìbátan tí ẹ̀rọ rí, ìbátan tí mo fọwọ́ ara mi dá ni. Ẹ̀rọ ò sì pariwo, torí kò sí bó ṣe lè mọ̀, ohun tó rí ò ju òpó méjì tó gùn dọ́gba. Ká ní ìyá kan náà ló ń ta ọjà ní ìlú méjèèjì ni, tàbí ká ní ọ̀sẹ̀ kan náà la ń wo iye owó ní ìhín àti lọ́hùn-ún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ì bá di okùn tó so wọ́n, ìyẹn á dáa. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ṣe.

Ìbéèrè tí mo wá ń bi ara mi báyìí kó tó di pé mo tẹ nǹkan kan ni pé, tí ẹnì kan bá da òpó kejì rú tó yí ìlà ẹ̀ padà, ṣé ohun kan bàjẹ́? Tí mo bá da ti àwọn ìyá àgbàdo rú, ohun tó bàjẹ́ pọ̀, mi ò ní mọ ìdajì ta ni ti ta mọ́. Tí mo bá da ti àwọn olùta gàárì rú, kò sí ohun tó sọnù, ẹ lè da wọ́n rú títí di ọ̀la.

Mílíìkì àti ìbejì

Gosset yìí náà ló tún sọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé ọmọ Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́dún 1930, ní Lanarkshire ní Skọ́tláńdì, wọ́n lo ọmọ ilé ìwé 20,000 láti mọ̀ bóyá mílíìkì ń jẹ́ kí ọmọ dàgbà sí i: 10,000 ń mu mílíìkì, 10,000 ò mu, oṣù mẹ́rin. Iṣẹ́ ńlá, owó ńlá. Àmọ́ wọ́n fún àwọn tíṣà láyè láti pààrọ̀ ọmọ tó bá dà bíi pé ẹgbẹ́ kan ní ọmọ tó jẹun kánú jù tàbí tí ebi ń pa jù, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tíṣà náà lójú àánú. Gosset kọ ọ́ lọ́dún 1931 pé ó jọ pé àwọn ọmọ tálákà ni wọ́n ń tì sí ibi mílíìkì, torí àwọn tí kò mu ti tóbi ju àwọn tó ń mu lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní ká ní ìbejì ẹyin kan, àádọ́ta péré, ni wọ́n lò, kí ọ̀kan mu kí èkejì má mu, èsì ì bá ṣeé gbọ́kàn lé ju èyí lọ, owó ẹ̀ ò sì ní tó nǹkan. Ìbejì àádọ́ta ju ọmọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lọ! Ilé wa níbí kún fún Táyé àti Kẹ́hìndé, ìran Yorùbá ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ìran lọ láyé, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má bá mi kó gbogbo ìbejì Kàbbà jọ o, èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa kì í ṣe ẹyin kan, wọ́n bára tan bí ọmọ ìyá lásán ni. Wọ́n ṣì dáa ju àlejò méjì lọ, àmọ́ wọn ò tó ohun tí Gosset ń wá.

Nígbà tí mo padà lọ

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá. Mo ti tún un ṣe, ti kálukú pẹ̀lú tiẹ̀, àlàfo sì ti kúrò lórí òdo, ìgbẹ́ ṣiṣẹ́. Mo ní èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo dọ̀bálẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ò da ìgbẹ́ sóko rárá lọ́dún yìí nítorí ohun tí mo sọ, Ìyá Dáre wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ta ló máa san àgbàdo ọdún yìí fún mi?" Kò pariwo. Mi ò sì ní èsì, títí mo fi ń kọ èyí mi ò ní.

Ohun tó tún wá bọ́ sí mi lọ́wọ́ níbẹ̀ ló jẹ́ kí n má lè sùn. Mo bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe yan ìdajì tí wọ́n da ìgbẹ́ sí. Ìyá kan ní, "Èyí tó sún mọ́ ọ̀nà ni, ẹrù ìgbẹ́ wúwo." Ẹlòmíì ní tòun náà nìyẹn. Ibi tó sún mọ́ ọ̀nà sì lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń da eérú àti omi ìdáná sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, fífi ilẹ̀ wé ara ẹ̀ ò lè wo ìyẹn sàn, torí ìdajì tó dáa tẹ́lẹ̀ la fún ní ìgbẹ́, bíi ti àwọn tíṣà Lanarkshire, tiwọn kàn jẹ́ ìdàkejì. Mo sọ fún wọn pé lọ́dún tó ń bọ̀ ká ju kọ́bọ̀ fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá ṣubú lé ni ká tẹ̀ lé, ibi yòówù kó jìnnà dé.

Ìyá Ṣeun ní kí n má ka òun mọ́ ọn. Ó ní òun ti da ìgbẹ́ sí ìdajì méjèèjì lọ́dún yìí, òun ò dúró de kọ̀ǹpútà kankan.

Mo ní, "Màmá, èwo la máa wá fi wé èwo?"

Ó ní kí n lọ wá ilẹ̀ tèmi.